Jíì Sẹ́fẹ́ńtì Tí Jacob Kọ́ Làtífù

Làtífù ló ni gìtá, Jacob ló ni ìwé. Bí àjọṣe wọn ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi di kòríkòsùn, tó jẹ́ pé bí a bá rí ọ̀kan láìrí èkejì ní ìlú àtijọ́ ní Lọ́kọ́jà, a óò bèèrè bóyá ara èkejì yá.

Jacob Bámiṣayé jẹ́ ọmọ Yàgbà, láti Ìsánlú, akọ̀wé sì ni ní ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ akọ̀wé tàn yín jẹ o. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa da ohun tí ẹlòmíràn ti kọ kọ lọ, láti àárọ̀ títí di aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Àwọn méjì tó bá nídìí iṣẹ́ náà ti hewú síbẹ̀, nígbàkígbà tó bá sì gbójú sókè tó rí orí funfun méjèèjì yẹn, àyà rẹ̀ a já. Ohun kan ṣoṣo tó fi ń yangàn ni tóníkì sọ́fà, ìyẹn dóò-réè-míì tí wọ́n fi ń ka orin. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun mọ̀ ọ́n.

Làtífù ní tirẹ̀, télọ̀ ni. Ìlọrin ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́jà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀ sí. Ó gbọ́ Nupé, ó gbọ́ Haúsá, ó sì gbọ́ Ígálà tó tó fi ná ẹja. Kéwú ló kà, kò ka ìwé. Ọwọ́ atukọ̀ kan tó ń ti Bùrútù gòkè bọ̀ ló ti gba gìtá náà. Ó rán ṣòkòtò mẹ́ta àti ẹ̀wù méjì fún un, ọkùnrin náà gbé gìtá lé e lọ́wọ́, ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ ní ibi mẹ́ta tí wọ́n ń tẹ̀: Síì, Ẹ́ẹ̀fù àti Jíì. Ọkọ̀ ṣí, atukọ̀ bá ọkọ̀ lọ. Gbogbo ohun tó kù, etí ni Làtífù fi kọ́ ọ. Ẹ má sì bi mí léèrè bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe rí lórí okùn. Àwọn tó ń sáré lọ bá ọkọ̀ létí odò a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkọ̀ a sì fi wọ́n sílẹ̀.

Bí ọ́fíìsì bá ti parí, Jacob a gba ibẹ̀ lọ. Àdìjátù, ìyá Làtífù, a gbé oúnjẹ fún un láì bi í bóyá ebi ń pa á, a sì máa pè é ní ọmọ òun oníṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó bá jẹun tán, wọn a jọ jókòó sórí àga gbọọrọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn a sì máa gba gìtá lọ́wọ́ ara wọn. Orí gìtá Làtífù yìí ni Jacob ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ nínú gìtá títa. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní ọdún tó tẹ̀lé òmìnira, ọ̀gá bándì kan tó ń jẹ́ Oyèníyì wá bá wọn níbẹ̀. Fèrè ni òun ń fọn. Ẹni tó ń ta gìtá fún un ti lọ gbé ìyàwó ní Ẹnúgù, kò sì padà mọ́, bẹ́ẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Jọ́ọ̀sì ti gba bándì náà fún ọdún kan gbáko. Oyèníyì ní òun ti gbọ́ nípa àwọn méjèèjì. Ó ní ẹnì kan ni àyè wà fún, kì í ṣe ẹni méjì, òun yóò sì dán wọn wò ní ọjọ́ Sátidé tó bá tẹ̀lé Ìlẹ́yá. Ó wá fi kún un pé ẹni tí kò bá mọ sẹ́fẹ́ńtì rẹ̀, pàápàá Jíì sẹ́fẹ́ńtì, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjì wo ara wọn. Làtífù kò tíì kọjá Kòtòn-Kárífí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó sì ń fẹ́ àyè náà débi pé kò lè jókòó. Jacob ń fẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí funfun méjì ló wà lójú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún, èkejì yóò bá a yọ̀. Wọ́n sọ ọ́ látọkànwá ni, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ó wá ku sẹ́fẹ́ńtì. Kọ́ọ̀dù, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ju kí èèyàn tẹ okùn bíi mélòó kan pọ̀ kí ohùn wọn sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló dábùú ọrùn gìtá, àlàfo wà láàárín irin kan sí èkejì, àlàfo tí ìka bá sì tẹ̀ ló ń sọ irú ohùn tí okùn yóò mú jáde. Nínú Jíì tí atukọ̀ kọ́ Làtífù, ìka kan wà lórí okùn tó tín-ín-rín jùlọ, ní àlàfo kẹta. Sẹ́fẹ́ńtì ni pé kí wọ́n mú ohùn keje wọ inú rẹ̀. Ìkeje láti ibo? Ibẹ̀ ni tóníkì sọ́fà Jacob ti wọlé. Ó ní Jíì ni a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà Jíì ni dóò. Ó fi ìka kà á: dóò, réè, míì, fáà, sóò, láà, tíì. Tíì ni ìkeje. Ó wá tíì rí lórí okùn tín-ín-rín náà, ó sì bá a ní àlàfo kejì. Ó di ìka Làtífù mú, ó ṣí i kúrò ní ẹ̀kẹta, ó gbé e sí ẹ̀kejì.

Làtífù ta á. Ó tún un ta, ó sì gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ohùn yìí ń jẹ òun létí. Ó ní èyí tí òun gbọ́ lọ́dọ̀ bándì máa ń fa èèyàn lọ sílé ni, ṣùgbọ́n èyí kò fa ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan, ó kàn dúró síbẹ̀ ni.

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, Làtífù. Ìwé kì í purọ́."

Làtífù wo ìka ara rẹ̀, ó wo Jacob, ó ní ó dáa, a jẹ́ pé etí òun ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Kò sí ìwé kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, orí Jacob ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, òun pàápàá gbà á gbọ́. Kò tíì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Ìlẹ́yá wá ń sún mọ́lé. Ta ni kò mọ bí ojú télọ̀ ṣe ń rí nígbà tí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ méjì? Aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù Làtífù dé àjà, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sinmi, àwọn tí kò tíì ra aṣọ pàápàá ti ń bèèrè pé ṣé tàwọn ti tán. Kò ráyè fọwọ́ kan gìtá. Ló bá yọ gìtá kúrò lára ìṣó, ó gbé e fún Jacob, ó ní kó máa mú un lọ sílé títí ọdún yóò fi dé, pé kò yẹ kí ìdánwò pa àwọn méjèèjì nítorí pé ọwọ́ ẹnì kan dí. Jacob gbé gìtá náà lọ sí yàrá rẹ̀ nítòsí ọ̀nà Ganaja, ojoojúmọ́ ló sì ń tẹ sẹ́fẹ́ńtì rẹ̀ ní àlàfo kejì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Ìlẹ́yá, àwọn akọrin pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Mákánjúọlá, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ wọn lórin. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Jacob sún mọ́ bàbá náà, kì í ṣe pé ó fẹ́ kọ́ nǹkan kan, ó kàn fẹ́ kí bàbá mọ̀ pé òun ti kà dé sẹ́fẹ́ńtì. Ó ní bí orin bá wà ní Síì, tí a bá wá fẹ́ ka ìkeje Jíì, ṣebí tíì ni yóò bọ́ sí. Bàbá Mákánjúọlá wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Síì ni dóò, òun ni baálé. Jíì ń kọ́? Sóò ni. Àlejò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kì í di baálé nítorí pé òun la kọ́kọ́ rí."

Ó mú ẹfun, ó kà á fún un lórí pátákó láti orí sóò: sóò, láà, tíì, dóò, réè, míì, fáà. Fáà ni ìkeje. Ó ní àṣìṣe ẹni tó mọ sọ́fà ju orin lọ ni, àti pé ọdọọdún ni òun ń rí i.

Jacob kò sọ pé ojú ti òun, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ délé, ó gbé gìtá, ó fa ìka rẹ̀ sẹ́yìn láti àlàfo kejì bọ́ sí àkọ́kọ́. Ìwọ̀n ìka kan péré ni. Ó ta á. Ohùn náà fẹ́ máa lọ, ó ń fa ọwọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e bọ́ sórí Síì, gbogbo rẹ̀ sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó tún un ṣe. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ó wọ bàtà pé kí òun lọ sọ fún Làtífù kíákíá.

Ó rìn dé ìdajì ọ̀nà. Níbẹ̀ ló ti rántí ọwọ́ ọ̀tún Làtífù. Bí ọwọ́ yẹn bá wá gba sẹ́fẹ́ńtì yìí kún ohun tó ní, kí ló kù tí Oyèníyì yóò fi gbọ́ tòun? Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tí òkúta wọ̀ ní bàtà. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì padà sílé. Ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní Làtífù ń ránṣọ, kò yẹ kí òun dí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní ìgbà tí òun bá dá gìtá padà ni òun yóò sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́. Ẹnu Jacob wà níbẹ̀, kò fi sọ ọ́.

Ọjọ́ ọdún pé, ó dá gìtá padà. Àdìjátù bu ẹran àgbò fún un, ó sì ń jẹ ẹ́. Làtífù tó ti ń sùn nídìí ẹ̀rọ láti ọjọ́ mẹ́ta gbé gìtá náà mọ́ra, ó ta díẹ̀, ó dé ibi sẹ́fẹ́ńtì, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní àlàfo kejì. Ó rojú. Ó bi Jacob bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn lóòótọ́. Ẹran ṣì wà lẹ́nu Jacob.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ló wí.

Ní Sátidé, lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n pàdé bándì nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá gbàgede Paparanda. Oyèníyì ní kí Làtífù kọ́kọ́ ta, nítorí Làtífù ló ni gìtá. Ó ní òun fúnra òun yóò fi fèrè gbé orin kan tí gbogbo ìlú mọ̀, Làtífù yóò sì máa fi gìtá gbè é. Làtífù bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ bándì tó jókòó fàyà balẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ dìde dúró. Orin dé òpin ìlà àkọ́kọ́, ìka Làtífù sì lọ tààrà sí àlàfo kejì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Fèrè wà lórí fáà, gìtá wà níbòmíràn, àwọn méjèèjì forí gbárí. Oyèníyì dá orin dúró, ó ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ibẹ̀ náà ló tún tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó dìde ti jókòó padà.

Oyèníyì bi í níbo ló ti rí irú sẹ́fẹ́ńtì bẹ́ẹ̀. Jacob ń wolẹ̀. Làtífù dáhùn pé wọ́n kọ́ òun dáadáa, òun ni òun kò tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ládàánì pe ìrun Aláásárì. Làtífù fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu òógùn kúrò lọ́rùn gìtá kó má baà yọ̀ lọ́wọ́ Jacob, ó gbé e fún un, ó tọrọ gáfárà, ó sì jáde lọ kírun.

Jacob ta tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le bí ọwọ́ ẹni tó ń la igi, kò sí ẹni tó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlà parí, ìka rẹ̀ bọ́ sí àlàfo àkọ́kọ́, fèrè àti gìtá jọ sọ̀kalẹ̀ sórí Síì láìfarapa. Oyèníyì ronú díẹ̀. Ó ní ọwọ́ líle lè rọ̀ lójú ọ̀nà Jọ́ọ̀sì, etí tí kò gbọ́ràn ni òun kò mọ oògùn rẹ̀. Ó mú Jacob.

Nígbà tí Làtífù ti ibi ìrun dé, tó gbọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Jacob mú, ó ní òun ti mọ̀ pé ẹni tó ní ìwé kò ní ṣìnà. Ó ní Jacob kò gbọdọ̀ bá télọ̀ mìíràn dòwò pọ̀ o, òun fúnra òun ni yóò rán kóòtù tí yóò wọ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì, kò sì ní gba nǹkan kan. Inú Jacob dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an, ojú sì ń tì í gidigidi, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nígbà tí ìrìn àjò ku ọjọ́ méjì, ó lọ wọ kóòtù náà wò. Àdìjátù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní láti Sátidé yẹn, Làtífù kò fọwọ́ kan gìtá mọ́. Ó ní ó ń sọ pé irọ́ ni etí òun ń pa fún òun, pé òun ti ń tan ara òun láti ọjọ́ yìí wá. Ó bẹ Jacob kó bá a sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ Jacob ló ń gbọ́.

Jacob wọlé, ó sì bá a sọ ọ́. Làtífù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé gìtá kúrò lára ìṣó, ó nà án sí i. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó tún fi sẹ́fẹ́ńtì yẹn han òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun kàn lè mọ ibi tí òun ti ṣì í.

Ó ṣeé ṣe fún Jacob láti gbé ìka sí àlàfo kejì kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Irọ́ náà ì bá dúró. Kì í sì í ṣe pé ó ti pinnu láti sọ òtítọ́. Ibòmíràn ló ti mọ́ ìka rẹ̀ lára. Ó di gìtá mú, ìka náà sì lọ sí àlàfo àkọ́kọ́ kó tó ronú, ó ta á, ó bọ́ sórí Síì.

Làtífù wo ìka náà fún ìgbà pípẹ́. Ó gba gìtá, ó gbé ìka tirẹ̀ síbẹ̀, ó ta á. Ó ta á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ojú rẹ̀ tàn bí ti ẹni tó rí nǹkan rẹ̀ tó sọnù, ọkàn Jacob sì fẹ́ balẹ̀. Ó wá gbé gìtá sórí ẹsẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀ ọ́n?"

 Jacob wo àwọn àgékù aṣọ tó wà nílẹ̀.

"Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Ìlẹ́yá."

"Gìtá wà lọ́dọ̀ rẹ nígbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo sì bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ ọdún." Làtífù kò gbé ohùn sókè. "Etí mi sọ fún mi, Jacob. Mo ní kó dákẹ́, mo ní akọ̀wé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Jacob ní kó forí jì òun. Làtífù dá gìtá padà sára ìṣó. Ó gbé kóòtù, ó wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn, ó fi abẹ́rẹ́ di ibi tó yẹ ní èjìká àti ní ẹ̀yìn, ó wọn apá, ó bọ́ ọ kúrò. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe bí ó ṣe ń ṣe fún oníbàárà tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ó ní kó wá mú un lọ́la.

Ní ọjọ́ kejì, kóòtù náà wà lórí àga gbọọrọ níta, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa. Làtífù wà nínú, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń tẹ ẹ̀rọ. Jacob kí i. Kò dáhùn. Ó tún kí i, ó fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹ̀rọ kò dúró. Àdìjátù jáde láti inú ilé, ó wo Jacob, ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bí i, kò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni kí i kó má jẹ́.

"Làtífù, ṣé o kò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Ìyá," ni Làtífù wí, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ. "Kò sí ohun tó ṣe etí mi."